Ojú Tó Tẹ́jú

Èyí tó kú sílé, ojú rẹ̀ kò ju síléètì lọ.
Inú rẹ̀ ni mo kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sí,
igba èèyàn ó lé mẹ́rìnlá,
gbogbo wọn há síbẹ̀ bí èrò ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó.
Òdo mẹ́ta a máa dà bí òdo méjì lójú mi.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún Ìyá Ṣódípẹ̀ di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta;
oṣù méjì gbáko, kò kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọlátẹ́jú, ọmọ ọmọ mi, ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀:
bó bá ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹ̀rọ yẹn,
bọ́ọ̀lù á ti dé Ìjẹ̀bú-Òde,
ẹsẹ̀ ẹni tó gbá a á ṣì wà ní Ẹ̀pẹ́.
Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká da owó pọ̀."
Owó ìfẹ̀yìntì kánsù tèmi,
owó ìwé tó ń bá àwọn ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tẹ̀,
náírà kan kò fojú di èkejì.

Fọlágbádé gbóná lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.
Ṣóyọmbọ̀ to ẹ̀rọ sórí tábìlì,
ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ ọbẹ̀ wò lórí iná.
Èyí fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́ bí ìwé orin,
ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí:
mo wò ó, ewú orí mi ni mo rí, n kò rí lẹ́tà.
Èyí tóbi, iyè rẹ̀ ló kéré.
Tẹ́jú ṣí gèémù, ó ṣí bébà ìṣirò mi tẹ̀ lé e,
ẹ̀rọ dúró gbagidi bí ọmọ tí a ní kó wá kàwé.
Èyí kò ní bọ́tìnì nọ́ńbà lápá ọ̀tún.
Mo ní, gbé e kúrò.
Ọgbọ̀n ọdún ni ìka mi fi mọ ọ̀nà ibẹ̀ láìwolẹ̀.

Ìgbà náà ló tẹ̀ba, ó fa kinní kan yọ lábẹ́ káńtà:
íǹṣì mẹ́tàdínlógún,
ó dúdú, ó wúwo bí ọmọ tó sùn lọ lẹ́yìn ìyá.
Mo ki fíláàṣì mi bọ̀ ọ́.
Orúkọ Ìyá Ṣódípẹ̀ jókòó, ó ń wò mí,
òdo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.
Tẹ́jú ṣí pápá bọ́ọ̀lù, mo rí koríko,
mo rí okùn bàtà ẹni tó fẹ́ gbá pẹnáritì.

Mo ní, "Kí ni àbùkù rẹ̀?"
Ìjẹ̀bú kì í ra ohun tí kò lábùkù,
àbùkù la fi ń já owó.
Ṣóyọmbọ̀ wolẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kò ju wákàtí méjì lọ.
Fáànù inú rẹ̀ a máa pariwo bó bá gbóná.
Mo ní, iná ìjọba ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ló pè é:
mo fi bátìrì já ogójì, mo fi fáànù já ogún,
mo fi ẹ̀rín tó rín já ogójì mìíràn.
Mo bi Tẹ́jú bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.
Ó ní, "Màmá, ẹni tó ń jẹ́ Ọlátẹ́jú,
ṣé ojú tóóró ló yẹ kó máa wò?"

A ti pín in: èmi lọ́sàn-án, òun lálẹ́.
Ìyá Ṣódípẹ̀ ti ń kí mi.
Ṣùgbọ́n ní òru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, iná wà, oorun kò wá.
Mo rọra tẹ àwòrán ọkọ̀ pupa kan.
Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí omi ẹ̀bà.
Ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, èmi náà yà sọ́tùn-ún,
díẹ̀ ló kù kí n forí sọ ògiri.
Mo kọlu igi, mo kọlu ilé,
mo wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ wọnú òkun.
Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi.
"Màmá, ọ̀sán lẹ ni."
Mo ní kó yé pariwo,
kó wá fi bíréèkì hàn mí.